Kí A Tó Gbé Oògùn Mì

Ọ̀rọ̀ owó oṣù àti ajẹmọ́nú ni a sábà máa ń fi ṣáájú lójú ìwé yìí. Lọ́tẹ̀ yìí, ọ̀rọ̀ ara wa ni a fẹ́ sọ, nítorí ẹni tí kò ní ìlera kò lè jà fún ẹ̀tọ́ rẹ̀. Ìdí kejì ni pé púpọ̀ nínú owó tí a fi agídí gbà lọ́wọ́ àwọn agbanisíṣẹ́, ọ̀dọ̀ àwọn tí ń ta oògùn ni ó ń parí sí.

Kò sí ẹni tí kò mọ gbólóhùn yìí nínú wa: "Ibà àti táífọ́ọ̀dù ni." Bí orí bá ń fọ́ni, ibà àti táífọ́ọ̀dù ni. Bí ara bá ń ro ẹni tí ó ru àpò sìmẹ́ǹtì fún ọjọ́ mẹ́ta, ibà àti táífọ́ọ̀dù ni. Bí ọmọ kò bá jẹun, bákan náà ni. Wọn á gún abẹ́rẹ́, wọn á fa omi síni lára, wọn á di oògùn oríṣiríṣi sínú ọ̀rá, owó iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ méjì á sì bá a lọ. Lẹ́yìn oṣù kan, àìsàn náà tún dé, a tún bẹ̀rẹ̀. A kò sọ pé àìsàn méjèèjì yìí kò sí. Wọ́n wà, wọ́n sì ń pani. Ohun tí a ń bèèrè ni pé: ta ni ó yẹ̀ wá wò, kí sì ni ó rí?

Ẹ jẹ́ kí a mú maláríà ṣáájú. Ohun tí àwọn bàbá wa ń pè ní ibà, ara gbígbóná ni, maláríà sì jẹ́ ọ̀kan péré nínú ohun tí ń fà á. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, chloroquine ni oògùn rẹ̀ ní ilẹ̀ yìí. Ó korò, ó sì ń yúnni lára, ṣùgbọ́n owó rẹ̀ kò wọ́n. Nígbà tí ó yá, agbára oògùn náà kò ká kòkòrò maláríà mọ́. Kì í ṣe àròsọ ni wọ́n fi mọ èyí. Wọ́n fún àwọn aláìsàn ní oògùn náà, wọ́n ń yẹ ẹ̀jẹ̀ wọn wò fún ọ̀pọ̀ ọjọ́, wọ́n sì rí i pé kòkòrò kò kúrò lára ọ̀pọ̀ nínú wọn. Ìdí nìyẹn tí ìjọba àpapọ̀ fi yí ìlànà padà ní 2005, tí ó fi àwọn oògùn alápapọ̀ tí a ń pè ní ACT rọ́pò rẹ̀. Ní 2010, Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé ẹnikẹ́ni tí a bá fura sí pé ó ní maláríà, kí a kọ́kọ́ yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò kí a tó fún un ní oògùn. Àyẹ̀wò náà kò le. Wọn á gún ìka, wọn á kán ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ sórí ike pẹlẹbẹ kan, láàárín ìṣẹ́jú 15 sí 20 ìlà á fi hàn. Bí kò bá sí ohun èlò àyẹ̀wò nítòsí, tí ara ọmọdé sì ń le, kí a má fi àyẹ̀wò dá ìtọ́jú dúró. Kí a gbé e lọ sí ilé ìwòsàn kíákíá.

Ti táífọ́ọ̀dù, tí àwọn àgbà ń pè ní ibà jẹ̀funjẹ̀fun, ni ó burú jù. Àyẹ̀wò Widal tí wọ́n fi ń dá wa lẹ́jọ́ ti wà láti 1896. Kì í wá kòkòrò náà fúnra rẹ̀. Àwọn ọmọ-ogun tí ara dá sílẹ̀ láti bá a jà ni ó ń wá. Àwọn ọmọ-ogun wọ̀nyí lè wà lára ẹni tí táífọ́ọ̀dù ti ṣe rí, tí ó sì ti sàn. Àìsàn mìíràn, títí kan maláríà, lè mú kí àyẹ̀wò náà sọ pé ó wà. Ó dà bí ẹni tí ó rí eérú nínú àdògán, tí ó wá ń búra pé ọbẹ̀ ṣì wà lórí iná. Èyí tí ó ṣeé gbára lé jù ú lọ ni kí a fa ẹ̀jẹ̀ sínú ìgò tí oúnjẹ kòkòrò wà, kí a dúró fún ọjọ́ díẹ̀, kí a wo ohun tí yóò hù. Bí a bá ń gba oògùn apakòkòrò láìnídìí, àwọn kòkòrò ń mọ̀ ọ́n lára, ọjọ́ tí a bá nílò rẹ̀ ní tòótọ́, kò ní ràn wá.

Àwọn àgbà ní a kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá. Ibà Lassa, tí a kọ́kọ́ dá mọ̀ ní 1969 ní ìlú Lassa ní apá àríwá ìlà-oòrùn ilẹ̀ wa, máa ń bẹ̀rẹ̀ bíi maláríà. Ẹni tí a ń fún ní oògùn maláríà nígbà tí Lassa ń ṣe é, àkókò ń bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Àìsàn mìíràn sì wà tí kì í pariwo kí ó tó ṣọṣẹ́: ẹ̀jẹ̀ ríru. Ẹni tí ó ní i lè wakọ̀ lọ sí Ṣakí kí ó sì bọ̀, kí ó kọ ebè, kí ó má mọ nǹkan kan, títí di ọjọ́ tí apá àti ẹsẹ̀ kan yóò rọ. Aráyé á ní ọ̀tá ni ó ṣe é. Ìwádìí kan tí a tẹ̀ jáde ní 1997 dé Igbó-Ọrà ní Ìbàràpá. Nínú 100 àgbàlagbà tí wọ́n yẹ̀ wò ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, nǹkan bí 16 ni ó ní i. Láàárín àwọn ènìyàn dúdú ní Amẹ́ríkà, ó tó 33. Ìran kan náà ni, ìgbé ayé ni ó yàtọ̀. Ìgbé ayé wa náà sì ń yí padà.

Ṣé oògùn rẹ̀ ń ṣiṣẹ́? Ní 1967, àwọn dókítà tí ń tọ́jú àwọn ológun àtijọ́ ní Amẹ́ríkà jábọ̀ lórí ọkùnrin 143 tí ẹ̀jẹ̀ wọn ru gan-an. Wọ́n pín wọn sí ọ̀nà méjì láìṣe ojúsàájú, wọ́n fún apá kan ní oògùn, wọ́n fún apá kejì ní hóró tí kò ní oògùn nínú. Ewu ńlá bá 27 nínú àwọn tí kò rí oògùn, 2 péré ni ó bá nínú àwọn tí ó lò ó. Ohun tí à ń pè ní ẹ̀rí nìyẹn. Kì í ṣe ariwo ọjà.

A kò bá àgbo jà. Inú ewé kan ní Ṣáínà ni oògùn inú ACT ti jáde, arábìnrin Tu Youyou sì gba ẹ̀bùn Nobel lórí rẹ̀ ní 2015, nítorí pé wọ́n dán an wò dáadáa. Ṣùgbọ́n kí ẹ ṣọ́ra fún ẹ̀rọ tí wọ́n ní kí ẹ dì mú, tí yóò ka gbogbo àìsàn inú ara yín láàárín ìṣẹ́jú kan. Owó yín ni ó ń kà.

Nítorí náà, ohun tí a ń sọ nìyí. Ọmọ ẹgbẹ́, bí wọ́n bá ní àìsàn kan ń ṣe ọ́, béèrè pé kí ni ó fi hàn bẹ́ẹ̀. Bí o bá ti pé ogójì ọdún, jẹ́ kí wọ́n wọn ìfúnpá rẹ lọ́dọọdún. Jókòó fún ìṣẹ́jú márùn-ún ṣáájú, má sì jẹ́ kí wọ́n fi ẹ̀ẹ̀kan péré dá ọ lẹ́jọ́. Bí ó bá ń jẹ́ 140 lórí 90 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ léraléra, lọ rí dókítà, má sì dá oògùn rẹ dúró nítorí pé ara yá.

Ẹ má ṣe gbéjà ko àwọn nọ́ọ̀sì. Òṣìṣẹ́ bíi tiwa ni wọ́n, ẹni tí a kò fún ní ohun èlò yóò máa méfò ni. Àwọn tí ó di owó mú ni a ń bá wí. Òfin 2022 sọ adójútòfò ìlera di dandan fún gbogbo ènìyàn ní Nàìjíríà. Bí wọn yóò bá yọ owó nínú owó oṣù wa, kí ohun èlò àyẹ̀wò maláríà, ẹ̀rọ ìfúnpá tí ó péye àti oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru wà ní ilé ìwòsàn tí ó sún mọ́ wa, nítorí àyẹ̀wò tí kò ní ìtọ́jú lẹ́yìn, ìdààmú lásán ni. A dábàá pé kí ẹ̀ka wa fi èyí sínú ìwé ẹ̀bẹ̀ tí a ó gbé síwájú àwọn agbanisíṣẹ́, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀rọ̀ owó oṣù, kí ìpàdé tí ń bọ̀ sì fọwọ́ sí i.

Ìṣọ̀kan ni agbára wa.