Kọ́kọ́rọ́ Wà Lọ́wọ́, Ihò Rẹ̀ Dà?

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní àjò kì í dùn kí onílé má relé. Òótọ́ ọ̀rọ̀ ni. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin ará wa tí ẹ ń gbé Kánò, Jọ́ọ̀sì tàbí Pọ́takọ́tù, ẹ mọ̀ pé ìrelé mìíràn wà tí kò ní ayọ̀ nínú. Bí ọmọ bá fẹ́ wọ ilé ẹ̀kọ́ gíga, wọn a ní kí ó mú ìwé ẹ̀rí ọmọ ìbílẹ̀ wá; bàbá rẹ̀ a sì fi ẹ̀mí wewu lójú títì nítorí ìbuwọ́lùwé kan ṣoṣo.

Ní orílẹ̀-èdè Estonia, láti ọdún 2002 ni ará ìlú ti ń gba káàdì ìdánimọ̀ oníṣíìpù. Kọ́kọ́rọ́ àṣírí wà nínú ṣíìpù náà, kì í sì í jáde. Oníkáàdì yóò kì í bọ ẹ̀rọ tí ń kà á, yóò tẹ nọ́ńbà ìkọ̀kọ̀ rẹ̀, yóò sì buwọ́ lu ìwé láti ibi yòówù tí ó wà. Òfin wọn ti ọdún 2000 ka èyí sí ọgbọọgba pẹ̀lú ìbuwọ́lùwé ọwọ́.

Àwa náà ti dá a láṣà. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2014, Ààrẹ Goodluck Jonathan ṣí irú káàdì bẹ́ẹ̀ sílẹ̀ ní Àbújá. Ṣùgbọ́n nínú kọ̀ǹpútà tó wà níwájú àwọn akọ̀wé wa, mélòó ló ní ihò tí a lè kì í bọ̀?

Ilé iṣẹ́ Cherry ti Jámánì ti ṣe kíbọọ̀dù tí ihò káàdì wà lára rẹ̀. Ohun tí a kàn mọ́ ara kì í sọnù bọ̀rọ̀ bí èyí tí a fi wáyà so kọ́. Nínú àwọn mìíràn, nọ́ńbà ìkọ̀kọ̀ a máa lọ tààrà sí káàdì, kọ̀ǹpútà kò ní rí i. Olè tó bá sì lúgọ sínú kọ̀ǹpútà yóò pòfo.

Lóòótọ́, kò sí ohun tí kò ní àléébù. Ní ọdún 2017, wọ́n rí àbùkù lára ṣíìpù tó wà nínú káàdì Estonia tó lé ní 700,000. Wọn kò torí rẹ̀ kó káàdì dànù. Wọ́n tún un ṣe ni.

Ẹ̀bẹ̀ wa sí ìjọba kò pọ̀. Nígbà tí ẹ bá tún ń ra kọ̀ǹpútà fún ọ́fíìsì, pàápàá ti ìjọba ìbílẹ̀, ẹ ra èyí tó ní ihò káàdì. Kí ìrelé wa lè jẹ́ ti ọdún àti ti ìyàwó, kí ó má jẹ́ ti ìwé mọ́.