Kọ́sítọ́ọ̀mù ń ka nọ́ńbà tòkunbọ̀ láti gba owó, ta ló ń kà á fún ẹni tó fẹ́ rà á?

Ní ìdájí, kí oòrùn tó yọ dáadáa, ẹni tó bá gba Ìwó Road kọjá n'Íbàdàn yóò rí i pé àwọn awakọ̀ Micra kì í kọ́kọ́ pe èrò. Bọ́ńẹ́ẹ̀tì ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ ṣí. Ẹnìkan ń da omi sí rédíétọ̀, ẹnìkan ń fi ọ̀bẹ ha orí bátìrì, ẹlòmíì ti dùbúlẹ̀ sábẹ́ ọkọ̀, ó ń fi iná fóònù wò ó. Tí iṣẹ́ bá wá bẹ̀rẹ̀, kì í ṣe ohun tuntun kí èrò mẹ́rin sọ̀ kalẹ̀ lórí òkè Mọ́kọ́lá kí wọ́n bá dẹ́rẹ́bà ti ọkọ̀. Wọ́n á tì í, ẹ́ńjìnnì á jí, wọ́n á padà wọlé. Kò sẹ́ni tó ń bèèrè ìdí.

Bí ẹ bá bi àwọn ọlọ́kọ̀ léèrè ohun tó fa wàhálà yìí, ìdáhùn kan náà ni ọ̀pọ̀ wọn yóò fún yín: tòkunbọ̀ ni, ó ti gbó. Òótọ́ díẹ̀ wà ńbẹ̀. Micra tó pọ̀ jù nínú takisí ìlú Ìbàdàn, èyí tí gbogbo ara rẹ̀ rí roboto yẹn, ọdún 1992 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe é ní ìlú Sunderland nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Òun ni wọ́n fi ṣe Ọkọ̀ Ọdún nílẹ̀ Yúróòpù ní 1993. Wọ́n ti dáwọ́ rẹ̀ dúró níbẹ̀ ó ti lé ní ogún ọdún. Èyí tó kéré jù nínú wọn lónìí, tó bá jẹ́ ọmọ ni, ó ti tó lọ sí yunifásítì.

Ṣùgbọ́n ọjọ́ orí nìkan kò tó ṣàlàyé. Camry tí wọ́n ń pè ní Pencil Light, tó ti wà láti nǹkan bí 1997, ṣì ń lọ Òkè-Ògùn ó sì ń bọ̀ láìjẹ́ kí ẹni tó ni ín sùn sójú ọ̀nà. Bẹ́ẹ̀, ọkọ̀ tí kò tíì pé ọdún mẹ́wàá, tó ń dán gbinrin, tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi àdúrà ṣí, lè wà ní ilé mẹkáníìkì kí oṣù kan tó pé. Ibi tí ìyàtọ̀ wà ni pé awakọ̀ Micra mọ àìsàn ọkọ̀ rẹ̀. Ó mọ ìgbà tí wọ́n pààrọ̀ ẹ́ńjìnnì, ó mọ ẹni tó pààrọ̀ rẹ̀, ó mọ iye kìlómítà tó lè rìn kó tó bu omi sí i. Ẹni tó lọ ra tòkunbọ̀ lọ́wọ́ dílà, àlejò tí kò mọ ibi tó ti wá ló mú wọlé.

Ọmọ tí wọ́n bí sókè òkun tó wá wálé là ń pè ní Tòkunbọ̀, ẹbí rẹ̀ sì mọ ìyá tó bí i. Ọkọ̀ tí a fún ní orúkọ yẹn kò ní irú àǹfààní bẹ́ẹ̀.

Ẹ wo ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Houston lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, ìlú tí àwọn ọmọ Yorùbá pọ̀ sí. Nígbà tí ìjì Harvey jà ní oṣù kẹjọ ọdún 2017, ọ̀pọ̀ ọ̀kẹ́ àìmọye ọkọ̀ ló mu omi. Àwọn ilé-iṣẹ́ adójútòfò san owó fún àwọn tó ni wọ́n, wọ́n gba ọkọ̀ náà, wọ́n sì kó wọn lọ sí ibi tí wọ́n ti ń ta ọkọ̀ ní gbàǹjo. Lábẹ́ òfin tiwọn, ìwé irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ gbọ́dọ̀ gba àmì tó ń sọ pé omi ti wọ̀ ọ́, tàbí pé owó àtúnṣe rẹ̀ ti ju ohun tó yẹ lọ. Ẹni tó bá rà á ní gbàǹjo mọ ohun tó ń rà, ìdí nìyẹn tó fi rí i rà ní owó pọ́ọ́kú. Kò sí ẹ̀ṣẹ̀ ńbẹ̀. Ibi tí ọ̀rọ̀ ti bàjẹ́ ni pé àmì náà máa ń bá ìwé dúró sí Amẹ́ríkà, ọkọ̀ nìkan ló máa ń wọ ọkọ̀ ojú omi wá.

Nígbà tí irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ bá fi máa dé Tin Can l'Ékòó, tàbí Kùtọnu kí ó tó gba ọ̀nà ẹ̀bùrú wọlé, wọ́n ti fọ̀ ọ́, wọ́n ti pààrọ̀ kápẹ́ẹ̀tì. Èyí tó forí gbá nǹkan, pánẹ́ẹ̀lì bítà ti nà án, wọ́n ti kùn ún. Ẹni tó ń tà á n'Íbàdàn lè jẹ́ ẹni kẹta tàbí ẹni kẹrin tó rà á, òun gan-an sì lè má mọ̀. Ohun tó mọ̀ ni pé "first body" ni, pé obìnrin ló wà á lókè òkun, pé ṣọ́ọ̀ṣì nìkan ló ń gbé e lọ. Gbogbo wa ló ti gbọ́ ìtàn obìnrin oníṣọ́ọ̀ṣì yẹn rí.

Ọkọ̀ tó mu omi kì í kú lọ́jọ́ kan náà. Ẹrẹ̀ àti iyọ̀ á wà nínú àwọn wáyà, wọ́n á máa jẹ wọ́n díẹ̀díẹ̀. Lẹ́yìn oṣù mẹ́ta sí mẹ́rin, gíláàsì fèrèsé á kọ̀ kò ní wálẹ̀, iná pupa á tàn lójú dáṣíbọ́ọ̀dù, ẹ́ńjìnnì á ṣàdédé kú lórí eré. Ríwáyà á já wáyà, á so wáyà, á gbowó. Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀lé e, ibòmíràn á tún bẹ̀rẹ̀. Àìsàn kan ṣoṣo ni, àmọ́ ìgbà márùn-ún ni ọlọ́kọ̀ á sanwó rẹ̀, nítorí kò sẹ́ni tó sọ fún un pé omi ni.

Àwọn mẹkáníìkì náà ń jẹ nínú ẹ̀bi, wọ́n ń jẹ èyí tí kì í ṣe tiwọn pẹ̀lú. Ọkọ̀ òde òní ní kọ̀ǹpútà bíi mélòó kan nínú, etí ni ọ̀pọ̀ wọn sì ṣì fi ń wá àìsàn rẹ̀. Ẹ lọ ra plug. Kò ṣe é. Ó dà bí ẹni pé coil ni. Kò ṣe é. Pump ni ká pààrọ̀. Ní ìparí, ọlọ́kọ̀ ti ra ẹ̀yà ara ọkọ̀ mẹ́rin tí kò bàjẹ́. Owó rẹ̀ kì í sì í ṣe ti tẹ́lẹ̀ mọ́. Dọ́là tó wà ní nǹkan bí náírà 460 kí ìjọba tó tú u sílẹ̀ ní oṣù kẹfà ọdún 2023, ó ti kọjá 1,500 nígbà tó di 2024, ẹ̀yà ara ọkọ̀ ní Àràròmí ní Agodi Gate àti ní Ládípọ̀ l'Ékòó sì ń tẹ̀lé dọ́là lọ. Gíà tí wọ́n ń pè ní "Belgium" gan-an, ara ọkọ̀ mìíràn tí ẹnikẹ́ni kò mọ ìtàn rẹ̀ ni wọ́n ti tú u.

Ẹnìkan lè bèèrè pé kí ló dé tí àwọn èèyàn ò kúkú ra ọkọ̀ tuntun. Owó oṣù olùkọ́ tàbí nọ́ọ̀sì kò sún mọ́ ọn rárá. Ètò ìdàgbàsókè iṣẹ́ ọkọ̀ tí ìjọba àpapọ̀ gbé kalẹ̀ ní 2013 sọ owó orí ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ tuntun tó ń wọlé di ìdá 70 nínú ọgọ́rùn-ún, kí àwọn ilé-iṣẹ́ lè máa to ọkọ̀ nílé. Ilé-iṣẹ́ Leyland ti ń to ọkọ̀ akẹ́rù n'Íbàdàn níbí nígbà kan rí, àwọn àgbà ṣì rántí. Ọkọ̀ ilé náà kò pọ̀, kò sì pọ́ọ́kú, tòkunbọ̀ ló ṣẹ́kù fún èrò. Ọ̀ràn yìí kì í ṣe ti àwọn ará Nàìjíríà nìkan. Ìròyìn tí ẹ̀ka tó ń rí sí àyíká ní àjọ ìṣọ̀kan àgbáyé gbé jáde ní oṣù kẹwàá ọdún 2020 sọ pé mílíọ̀nù 14 ọkọ̀ àlòkù ló jáde láti Yúróòpù, Japan àti Amẹ́ríkà láàárín 2015 sí 2018, àti pé Áfíríkà ni èyí tó pọ̀ jù nínú wọn wá sí. Nígbà tí ìjọba Netherlands yẹ àwọn tó ń gba èbúté tiwọn wá sílẹ̀ wa wò, ọ̀pọ̀ jù nínú wọn ni kò ní ìwé pé wọ́n yẹ lójú títì mọ́. Ìyẹn ni pé ohun tí wọn ò ní jẹ́ kí ọmọ tiwọn wà, wọ́n jẹ́ kó wọ ọkọ̀ ojú omi.

Ohun tó yẹ kó bí aráàlú nínú ni pé ìtàn tó sọnù yìí kò sọnù ní ti gidi. Nọ́ńbà kan wà lára ọkọ̀ tí wọ́n ń pè ní VIN, lẹ́tà àti nọ́ńbà mẹ́tàdínlógún. Ó wà lábẹ́ gíláàsì iwájú, ó tún wà létí ilẹ̀kùn dẹ́rẹ́bà. J níbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ń sọ pé Japan ni wọ́n ti ṣe é, W ń sọ Jámánì, 1, 4 àti 5 jẹ́ ti Amẹ́ríkà. Fún ọkọ̀ tó ti Amẹ́ríkà wá, ìkẹwàá ń sọ ọdún rẹ̀. Tí wọ́n bá fi nọ́ńbà yìí wá ìwé ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ó sábà máa ń gbé jáde bóyá ó ti ní jàǹbá, bóyá omi ti wọ̀ ọ́, àti iye máìlì tó wà lójú mítà kí ẹnìkan tó fi kọ̀ǹpútà yí i padà sẹ́yìn.

Ìjọba mọ nọ́ńbà yìí dáadáa. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2022, àjọ aṣọ́bodè bẹ̀rẹ̀ sí í fi VIN ṣírò owó tí ọkọ̀ àlòkù yóò san. Àwọn ajẹ́ńtì fárígá, wọ́n daṣẹ́ sílẹ̀ ní èbúté Èkó ní oṣù kejì, ìjọba dá a dúró fúngbà díẹ̀, lẹ́yìn náà ó padà wá. Wọ́n ní kí nínáàjà lórí owó ibodè lè dópin ni. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Àmọ́ nọ́ńbà tó lè sọ ìgbésí ayé ọkọ̀ náà ti wà lọ́wọ́ wọn, iye owó nìkan ni wọ́n bi í. Rìsíìtì tó bá ọkọ̀ jáde ní géètì ń sọ iye tí wọ́n gbà, kò sọ pé ọkọ̀ náà ti rì sómi rí. Bẹ́ẹ̀, òfin FCCPA ti 2018, tó ń dáàbò bo oníbàárà, sọ pé ẹni tó bá ń ta ọjà tí wọ́n ti tún ṣe gbọ́dọ̀ jẹ́ kó hàn kedere sí ẹni tó ń rà á. Ẹ wá ẹyọ kan nínú páàkì tí wọ́n ti ń ta ọkọ̀ ní Ìbàdàn tí irú àkọlé bẹ́ẹ̀ wà lára rẹ̀.

Nǹkan tó ju owó lọ tún wà níbẹ̀. Àwọn airbag tí ilé-iṣẹ́ Takata ti Japan ṣe, nǹkan bíi mílíọ̀nù 67 ni wọ́n pè padà ní Amẹ́ríkà nìkan, ọ̀pọ̀ Honda àti Toyota tó wà lójú títì wa sì wà lára irú àwọn ọkọ̀ tó kàn. Kẹ́míkà inú rẹ̀ máa ń bàjẹ́ tí ooru àti ọ̀rinrin bá ti ń bá a fún ọdún pípẹ́. Tí ọkọ̀ bá wá forí gbá nǹkan, àpò náà lè bú gbàmù kó fọ́n irin sí ọrùn ẹni tó ń wakọ̀. Ooru àti ọ̀rinrin, Èkó nìyẹn, Ìbàdàn nìyẹn. Ní Amẹ́ríkà, lẹ́tà máa ń dé ilé ọlọ́kọ̀ pé kó wá gba tuntun lọ́fẹ̀ẹ́. Tí ọkọ̀ bá ti di tiwa, àdírẹ́sì àtijọ́ ni lẹ́tà ń lọ. Ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni tó ní íntánẹ́ẹ̀tì lè tẹ VIN rẹ̀ sójú òpó àjọ NHTSA ti Amẹ́ríkà, yóò rí ìdáhùn láìsan kọ́bọ̀.

Ti àwọn ọkọ̀ ńlá ló burú jù, nítorí ẹni tí kò rà á ló sábà máa ń kú sí i. Ní ọjọ́ 28 oṣù kẹfà ọdún 2018, ọkọ̀ agbépo kan ṣubú ní afárá Otedola ní ọ̀nà Èkó sí Ìbàdàn. Àwọn aláṣẹ ní bíréèkì rẹ̀ ló kọ̀. Ọkọ̀ 54 ló jóná, ó kéré tán ẹ̀mí mẹ́sàn-án ló lọ. Afẹ́fẹ́ ni bíréèkì tìrélà ń lò. Rọ́bà tó ń gbé afẹ́fẹ́ náà tó bá ti sán, tí wọ́n fi rọ́bà àlòkù dí i, kò sẹ́ni tó mọ gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ tí yóò ti já. Dẹ́rẹ́bà tó gba ọkọ̀ ní háyà pọ́ọ̀ṣéèsì, tó gbọ́dọ̀ san owó fún ọlọ́kọ̀ lọ́sẹ̀ lọ́sẹ̀ bóyá ọkọ̀ rìn tàbí kò rìn, ta ló fẹ́ kó gbé e dúró fún ọjọ́ mẹ́ta nítorí rọ́bà?

Táyà wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Nọ́ńbà mẹ́rin tó kẹ́yìn lára rẹ̀ ń sọ ọ̀sẹ̀ àti ọdún tí wọ́n ṣe é: 2319 jẹ́ ọ̀sẹ̀ kẹtàlélógún ọdún 2019. Ọdún mẹ́rin ni FRSC sọ pé kó lò. Táyà àlòkù sì wà lára ọjà tí ìjọba fòfin dè pé kò gbọdọ̀ wọlé, àyàfi ti ọkọ̀ ńlá kan tó wà fún àtúnṣe. Ní ẹ̀gbẹ́ títì, wọ́n tò ó bí iṣu, ó ń dán, wọ́n ti fi ọ̀dà dúdú pa á.

Tí VIO bá dá ọkọ̀ dúró, pátíkúlà ni wọ́n sábà máa ń kọ́kọ́ bèèrè, ìwé pé ọkọ̀ yẹ lójú títì sì wà nínú rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ọlọ́kọ̀ ló gba ìwé yẹn láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni fọwọ́ kan bíréèkì wọn.

Ọkọ̀ tó bá dé sí Tin Can lónìí, VIN rẹ̀ á ti wà lójú kọ̀ǹpútà àjọ aṣọ́bodè kó tó jáde ní géètì. Ẹni tí yóò gba owó àjẹmọ́nú kó lọ rà á n'Íbàdàn ní òpin ọ̀sẹ̀ ni kò tíì mọ̀ pé òun lè tẹrí ba wò ó lábẹ́ gíláàsì, kó sì kà á kí owó tó kúrò lọ́wọ́.