Ilé Ìsinmi Ilashe Kò Lè Dúró Láìsí Abúlé Ilashe

Àwọn oníbàárà mi ní Ìkẹjà àti Àgége tí Ọlọ́run ti bá ṣe é, tí wọ́n ti kọ́ ilé tí wọ́n ń gbé, tí wọ́n sì ti kọ́ ti ìlú wọn, ilé etí òkun ni wọ́n ń bi mí léèrè báyìí. Wọ́n á ní, "Ọ̀gá, ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń ṣiṣẹ́ lọ́hùn-ún, ṣé ó dáa kéèyàn ra pulọ́ọ̀tì kan sí Ilashe?" Iṣẹ́ fèrèsé àti ilẹ̀kùn alumíníọ́mù ni mò ń ṣe ní Mende, nínú Maryland níbí, ọwọ́ mi sì wà lára àwọn ilé ìsinmi tó tò sí etí òkun yẹn. Ìdáhùn mi ni pé ó dáa, bí ẹ bá ti ṣetán láti di ará abúlé náà. Ẹni tí kò bá lè ṣe bẹ́ẹ̀, kó háyà ilé fún òpin ọ̀sẹ̀, kó gbádùn ara rẹ̀, kó sì padà sílé.

Iyanrìn tẹ́ẹ́rẹ́ ni Ilashe. Òkun wà lápá kan, ọ̀sà tó lọ sí Bàdágìrì wà lápá kejì. Ọkọ̀ ojú omi ni a máa ń wọ̀ lọ, láti Mile 2, láti Apápá tàbí láti Victoria Island. Sìmẹ́ńtì, rọ́ọ̀dù, páànù, tááìsì, ọkọ̀ ojú omi náà ló ń kó gbogbo rẹ̀. Gíláàsì tí mo bá gé ní Mende, orí àwọn ọ̀dọ́ abúlé ló ń gbé e láti èbúté gba inú iyanrìn kọjá dé ojú iṣẹ́. Kò sí ilé ńlá kan níbẹ̀ tí kì í ṣe ọrùn àwọn ọmọ wọ̀nyẹn ló rù ú.

Ẹ jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ iyọ̀, nítorí ibẹ̀ ni mo ti mọ ohun tí mò ń sọ. Atẹ́gùn òkun kì í ṣe atẹ́gùn lásán, iyọ̀ ló ń fẹ́ káàkiri. Bí ẹ bá fi ìṣó onírin de fèrèsé alumíníọ́mù níbẹ̀, àwọn méjèèjì á bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ara wọn níbi tí wọ́n ti pàdé. Ẹ ó kọ́kọ́ rí ìyẹ̀fun funfun lẹ́nu ihò ìṣó náà. Lẹ́yìn náà, ihò á fẹ̀, fèrèsé á máa mì, òjò á sì ráyè wọlé. Sitéńlẹ́ẹ̀sì tó jẹ́ 316 ni mo máa ń lò. Owó rẹ̀ ga, àwọn oníbàárà sì máa ń bá mi jà lórí ẹ̀, ṣùgbọ́n n kì í gbà. Àwọn kan tún ń fi iyanrìn etí òkun po kọnkéré nítorí pé ọ̀fẹ́ ni. Iyọ̀ inú iyanrìn náà á mú rọ́ọ̀dù dípẹtà, ìpẹtà á wú, dẹ́kìn á sì sán. Mo ti rí òpó bàkónì tí irin inú rẹ̀ yọ síta bí egungun.

Síbẹ̀, ilé tí iyọ̀ ń yára jẹ jù ni ilé tí wọ́n tì pa. Fèrèsé tí wọ́n ń fi omi tí kò níyọ̀ nù lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ máa ń pẹ́. Ta ló fẹ́ nù ún nígbà tí onílé wà ní Ìkẹjà láti ọdún Kérésì dé ọdún Iléyá? Obìnrin kan nínú abúlé ni, bí wọ́n bá gbà á síṣẹ́, tí wọ́n sì ń san owó rẹ̀ lóṣooṣù láìjẹ́ kó ṣẹ̀ṣẹ̀ máa pè.

Bákan náà ni omi. Ní etí òkun bẹ́ẹ̀, omi dídùn máa ń léfòó lórí omi iyọ̀ nínú iyanrìn. Bí ẹ̀rọ bá ń fà á lójú méjèèjì láti fi kún odò ìlúwẹ̀ẹ́, omi iyọ̀ á gòkè wá, kànga àwọn aládùúgbò yín á sì bàjẹ́ pẹ̀lú tiyín. Ilé kan wà tí mo ṣe fèrèsé rẹ̀ tí onílé fi ẹnu ẹ̀rọ omi kan sí ìta ògiri. Láàárọ̀, àwọn ọmọdé á tò sídìí rẹ̀ pẹ̀lú kẹ́ẹ̀gì, àwọn ìyá wọn á máa kí ara wọn ní èdè Ẹ̀gùn àti Yorùbá. Ẹnikẹ́ni kò fọwọ́ kan ilẹ̀kùn ilé yẹn rí. Bí àjèjì bá rìn súnmọ́ ọn, gbogbo abúlé ló ń bi í pé ta ló ń wá.

Àwọn tó ń ta ilẹ̀ á sọ fún yín pé òkun kì í jẹ Ilashe, iyanrìn ló ń kó wá. Òótọ́ díẹ̀ wà níbẹ̀. Láti ọdún 1908 ni ìjọba òyìnbó ti bẹ̀rẹ̀ sí í mọ ògiri òkúta sẹ́nu òkun Èkó kí ọkọ̀ lè ráyè wọlé. Láti ìwọ̀-oòrùn lọ sí ìlà-oòrùn ni ìgbì ń kó iyanrìn, ògiri náà sì dá a dúró. Apá ìwọ̀-oòrùn, níbi tí Ilashe wà, ń rí iyanrìn gbà, òkun sì bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ Bar Beach tó wà ní ìlà-oòrùn wọlé. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2012, omi ya lu Kuramo Beach, ní apá ìlà-oòrùn kan náà, ó sì gbé ènìyàn lọ. Ní Okun Alfa, lọ́nà Lẹ́kìí, òkun ti gba ilé àti títì. Ṣùgbọ́n ẹ̀rù òkun kọ́ ló ń bà mí jù lórí Ilashe.

Ìwé ilẹ̀ ni. Láti ọdún 1978 tí Òfin Lílo Ilẹ̀ ti dé, gómìnà ló di ilẹ̀ ìpínlẹ̀ mú. Onílé ìsinmi lówó, ó mọ lọ́yà, á wá ìwé àṣẹ ilẹ̀ tí à ń pè ní C of O. Àwọn tí wọ́n bí síbẹ̀ kò ní nǹkan kan ju pé wọ́n ti wà níbẹ̀. Ní oṣù kìíní ọdún 2020, àwọn ọmọ ogun ojú omi wọ Tarkwa Bay, abúlé etí òkun bíi Ilashe, wọ́n ní àwọn kan níbẹ̀ ń lu ọ̀pá epo tó ń bọ̀ láti ibùdó epo Atlas Cove. Wọ́n lé ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn jáde, ẹni tó ń jí epo àti ẹni tó ń yan ẹja. Èmi kò rí òfin kankan tó ní ká lé ìyálé, ìyàwó àti ọmọ ọwọ́ nítorí olè.

Ẹ má rò pé ìwé nìkan á gba ẹ̀yin náà. Ní ọdún 2024, ọ̀nà etí òkun tó ń lọ sí Calabar gba ibi ìgbafẹ́ Landmark ní Oniru kọjá, wọ́n sì wó ilé ìṣòwò tó wà níbẹ̀. Lọ́dún kan náà, katakata wọ Mende tiwa níbí, ó ń wó ilé nítorí ojú ọ̀nà omi. Ẹni tó bá dá wà, ó máa ń rọrùn láti wó ilé rẹ̀.

Nítorí náà, ẹ̀yin onílé ìsinmi, ẹ ní nọ́ńbà fóònù àwọn tó ń ṣe ìjọba. Ẹ fi pe wọ́n nítorí abúlé. Sọ́fíyọ̀ tí ẹ bá mú kọjá omi láti wọn pulọ́ọ̀tì yín, ẹ sanwó fún un kó wọn ilé àwọn tó wà lẹ́yìn ògiri yín pẹ̀lú, kí ẹ sì jọ kó ìwé náà lọ sí ọ́fíìsì ìjọba ní Aláùsá lọ́jọ́ kan náà.