Ìfun Nìkan Kọ́: Ìdáhùn fún Àwọn Tó Ń Fi Kẹ́míkà Ṣọ́ Oko

Wọ́n tún ti sọ ọ́. Ibi tí a jókòó sí tí a ń dúró de iyán ni, ẹnìkan tí mo mọ̀ pé ó kàwé la ẹnu, ó ní: "Ọ̀yà tí wọ́n fi kẹ́míkà pa kò ní wàhálà kankan. Ẹ ṣáà ti yọ ìfun rẹ̀ dànù, kẹ́ ẹ sì bọ̀ ọ́ dáadáa." Kò sẹ́ni tó ta kò ó. Ìyá olóúnjẹ tiẹ̀ fi kún un pé iyọ̀ àti àlùbọ́sà ló ń ká a lápá kò. Mo ti gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí ní Ọ̀tan Ayégbajú níbí, mo gbọ́ ọ ní Ìrẹsì, mo gbọ́ ọ ní Ìgbájọ, mo sì gbọ́ ọ létí títì níbi tí wọ́n ti ń fi ọ̀yà kọ́ orí igi fún àwọn onímọ́tò tó ń lọ sí Ìlá àti Òṣogbo. Ó ti sú mi. Owó ara mi ni mo fi tẹ ìwé-pẹlẹbẹ yìí. Ẹni tó bá fẹ́ bínú, àyè wà.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bí àwọn fúnra wọn ṣe ń sọ ọ́, kí wọ́n má baà ní mo purọ́ mọ́ wọn. Wọ́n ní ọ̀yà kò jẹ́ kí àgbẹ̀ rímú mí. Òótọ́ ni. Wọ́n ní ọmọ tí ì bá máa ṣọ́ oko ti lọ gun ọ̀kadà, ọdẹ kò sì wọ́pọ̀ mọ́. Ó dára. Nítorí náà, wọ́n á bu Furadan, tàbí ohunkóhun tí ẹni tó ń ta oògùn oko bá gbé lé wọn lọ́wọ́, wọ́n á pò ó mọ́ ẹ̀gẹ́ tàbí àgbàdo, wọ́n á dà á yí etí oko ká. Tílẹ̀ bá mọ́, wọ́n á máa ṣa òkú ọ̀yà bí ẹni ń ṣa àgbálùmọ̀. Oko ti yè, owó tún ti dé. Ẹni tí yóò jẹ ẹran náà ńkọ́? Wọ́n ní kò séwu: inú ìfun ni májèlé wà, iná á sì pa èyí tó bá ṣẹ́ kù. Gbogbo ọgbọ́n wọn kò ju ìyẹn lọ.

Ìbéèrè kan ṣoṣo ni mo ní. Bó bá jẹ́ pé inú ìfun ni májèlé jókòó sí, kí ló wá pa ọ̀yà?

Ẹ má yára dáhùn. Carbofuran ni orúkọ kẹ́míkà tó wà nínú Furadan. Níwọ̀n ìgbà tó bá ṣì wà nínú ìfun, kò tíì pa nǹkan kan. Ó gbọ́dọ̀ gba ara ìfun kọjá sínú ẹ̀jẹ̀, kí ẹ̀jẹ̀ gbé e kiri gbogbo ara. Nínú ara ọ̀yà, àti nínú ara tèmi àti tìrẹ, iṣan máa ń rán iṣẹ́ sí ẹran ara: sún kì, tú sílẹ̀, mí sínú, mí síta. Lẹ́yìn iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan, ohun kan wà nínú ara tó ń pa iṣẹ́ náà rẹ́ kí òmíràn tó lè tẹ̀ lé e. Ohun yìí ni carbofuran ń dè lọ́wọ́. Iṣẹ́ kò wá parẹ́ mọ́. Itọ́ á máa dà, omijé á máa dà, gbogbo ara á máa gbọ̀n, èémí á há, ẹran á kú. Ẹ wá sọ fún mi, ọ̀nà wo ni kẹ́míkà gbà dé ẹnu, ojú, àyà àti ẹsẹ̀ ọ̀yà tí kò fi kan itan rẹ̀? Ṣé ó dé ibi itan ni, ó wá tọrọ gáfárà pé, "Ẹ má bínú, ti oníyán nìyí, n ò ní dúró"?

Nǹkan mìíràn tún wà tí kò sẹ́ni tó ń rò. Ọ̀yà tó kó sí okùn tí a bá láàyè, a ó dúńbú rẹ̀, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ á dà sílẹ̀. Èyí tí ìbọn bà, ẹ̀jẹ̀ á gba ojú ọgbẹ́ jáde. Ọ̀yà kẹ́míkà kò rí ọ̀bẹ. Òkú ni ẹ bá a, ó ti gan, gbogbo ẹ̀jẹ̀ tó gbé májèlé kiri sì há sínú rẹ̀. (Ẹ̀yin Mùsùlùmí tó ń jẹ ẹ́, ẹ bi àfáà yín léèrè ohun tí ẹ̀sìn wí nípa òkú ẹran, èyí kì í ṣe iṣẹ́ tèmi.) Ẹ̀dọ̀ rẹ̀, tí àwọn àgbà ń fi ojú wá nínú abọ́, ibẹ̀ gan-an ni ẹ̀jẹ̀ láti inú ìfun kọ́kọ́ ń dé. Ẹ yọ ìfun sọ nù, ẹ wá gbé ẹ̀dọ̀ fún baálé ilé! Ọ̀wọ̀ wo nìyẹn?

Bí ẹ bá ní ọ̀rọ̀ ẹnu lásán ni mo ń sọ, ẹ jẹ́ ká dé California ní Amẹ́ríkà. Àwọn kan wà níbẹ̀ tó ń yọ́ gbin igbó, èyí tí wọ́n ń fà, tí àjọ agbógunti-oògùn-olóró NDLEA ń torí ẹ̀ wọ inú aginjù ní ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun tiwa yìí náà. Inú ilẹ̀ igbó ìjọba ni wọ́n ń gbìn ín sí. Àgbọ̀nrín ibẹ̀ ń jẹ ọ̀mùnú rẹ̀, eku ń gé ìdí rẹ̀ nígbà tó ṣì tutù. Kí ni àwọn arúfin yìí ṣe? Ohun tí ẹ̀yin ọmọlúàbí ń ṣe gan-an ni: wọ́n fọ́n oògùn eku ká ìdí ohun ọ̀gbìn wọn, wọ́n sì ń lo carbofuran náà. Ẹranko kékeré kan ń gbé inú igbó ìjọba yẹn tí wọ́n ń pè ní fisher. Eku àti ọ̀kẹ́rẹ́ wà lára oúnjẹ rẹ̀. Ní ọdún 2012, onímọ̀ kan, Mourad Gabriel, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé ìwé jáde lórí òkú fisher 58 tí wọ́n yẹ̀ wò. Wọ́n bá oògùn eku lára 46 nínú wọn. Níbo ni wọ́n ti bá a? Nínú ẹ̀dọ̀. Ẹ̀dọ̀ ni mo wí o, n kò wí ìfun. Ọ̀nà kan pàtàkì tí wọ́n gbà pé ó fi dé ara wọn ni pé eku tó ti jẹ oògùn ni wọ́n jẹ. Ẹran jẹ oògùn, ẹran mìíràn jẹ ẹran, oògùn ń bá a lọ. Fisher ní àwíjàre ṣá, nítorí kò lè ka ohun tí wọ́n kọ sára ike.

Mo mọ ibi tí àwọn àgbà yóò gbé e gbà. Wọ́n á ní àwọn baba wa fi ọfà olóró pa ẹran, wọ́n jẹ ẹ́, wọ́n sì gbó, wọ́n tọ́. Inú mi dùn pé wọ́n sọ ọ́, nítorí ọ̀rọ̀ náà gan-an ló dá wọn lẹ́bi. Lára ohun tí àwọn ọdẹ ilẹ̀ wa ń fi ṣe oró ọfà ni èso ìtàkùn kan tí àwọn onímọ̀ ń pè ní Strophanthus. Ọkàn ni oró yìí ń bá jà, ojú ọgbẹ́ ló sì ń gbà wọlé. Bó bá gba ẹnu, díẹ̀ kín-ún ni ìfun ń jẹ́ kó kọjá sínú ẹ̀jẹ̀. Ìdí nìyẹn tí ẹran ọfà fi ṣeé jẹ. Síbẹ̀ náà, ọdẹ tó mọ iṣẹ́ rẹ̀ á gé ẹran tó yí ojú ọfà ká, á sọ ọ́ nù. Àwọn baba wa kò ní ilé àyẹ̀wò, ṣùgbọ́n wọ́n mọ oró tó ń gba ojú ọgbẹ́ yàtọ̀ sí èyí tó ń gba ẹnu. Ẹ̀yin wá mú èyí tó ń gba ẹnu, ẹ fi rọ́pò èyí tó ń gba ojú ọgbẹ́, ẹ sì ní àṣà ni! Ohun tó gba ìfun ọ̀yà kọjá kò ní tọrọ ìyọ̀ǹda kó tó gba tìrẹ.

Wọ́n ní iná ń pa á. Iná wo? Omi tó ń hó lórí ààrò kò gbóná ju 100 lọ lórí òṣùwọ̀n Celsius. Carbofuran kò tiẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í yọ́ títí yóò fi kọjá 150. Ṣé ẹ rántí 2008? Ní Bekwarra, ìpínlẹ̀ Cross River, ẹ̀wà àti mọ́ínmọ́ín gbé ènìyàn 112 dé ilé ìwòsàn, ọmọ méjì sì kú. Ní Doma, ìpínlẹ̀ Gombe, àwọn ọmọbìnrin ilé-ìwé jẹ ẹ̀wà, wọ́n ṣubú lulẹ̀. Lindane, kẹ́míkà inú Gammalin tí àwọn kan ń dà sódò pẹja, ni wọ́n bá nínú ẹ̀wà. Kẹ́míkà yẹn kì í ṣe ọ̀kan náà pẹ̀lú Furadan, mo gbà. Ṣùgbọ́n ẹ̀wà ni, ẹ sì mọ bí ẹ̀wà ṣe ń pẹ́ lórí iná tó.

Wọ́n tún ní: "A ti ń jẹ ẹ́, kò ṣe wá." Orí ń fọ́, òógùn ń bò yín, inú ń ru, ìgbẹ́ ń ṣàn: iṣẹ́ májèlé náà ni, ẹ ní ibà ni, ẹ lọ mu àgbo.

Àwọn ọ̀rọ̀ tó kù kò yẹ kí n fi bébà ṣòfò lé lórí. Ọ̀yà ń bímọ tó ẹ̀ẹ̀mejì lọ́dún, bíi mẹ́rin lẹ́ẹ̀kan, nítorí náà èyí tí ẹ pa lónìí kò sọ oko yín di òmìnira. Ajá ọdẹ àti adìẹ aládùúgbò kò mọ ààlà oko. Ní Kenya, Furadan pa kìnnìún àti igún títí ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe é fi bẹ̀rẹ̀ sí í rà á padà lọ́wọ́ àwọn oníṣọ́ọ̀bù ní 2009. Ọdún yẹn kan náà ni ìjọba Amẹ́ríkà ní àwọn kò fẹ́ kó ṣẹ́ kù nínú oúnjẹ rárá. Òjò sì ń rọ̀ ní Ọ̀tan. Láti oko orí òkè ni omi ti ń wọ́ kẹ́míkà wá sí odò tí a ń pọn.

Kí wá ni ká ṣe? Ìbéèrè tí ẹ mọ ìdáhùn rẹ̀ nìyẹn. Ẹ ro etí oko, kí ó mọ́ yí i ká, nítorí ọ̀yà kò fẹ́ràn ìta gbangba; inú eèsún ló ń sá sí. Ẹ fi imọ̀ ọ̀pẹ tàbí páànù àlòkù ṣe ọgbà, kí ẹ dá ojú àlàfo sí i, kí ẹ dẹ okùn sójú rẹ̀. Kí àwọn tí oko wọn pààlà gbìn lásìkò kan náà, kí wọ́n jọ háyà ọdẹ. Bó bá sì jẹ́ ẹran ni ẹ fẹ́, wọ́n ti ń sin ọ̀yà nínú ilé ní orílẹ̀-èdè Benin láti àwọn ọdún 1980 wá, wọ́n ń sìn ín ní Ghana, àwọn kan sì ń sìn ín ní Nàìjíríà níbí. Ó gba iṣẹ́, bẹ́ẹ̀ ni. Iṣẹ́ àgbẹ̀ wo ni kò gba iṣẹ́?

Èyí tó ń bí mi nínú jù ni mo fi sẹ́yìn. Àwọn kan nínú yín kò gba ọ̀rọ̀ ìfun yìí gbọ́ rárá. Ẹ ń ya ọ̀yà okùn sọ́tọ̀ fún ọbẹ̀ ilé yín, ẹ sì ń gbé ọ̀yà kẹ́míkà lọ sétí títì fún ọmọ ọlọ́mọ. Ẹ mọ ohun tí ẹ ń ṣe. Ẹ̀yin kọ́ ni mo ń bá sọ̀rọ̀ níbí; ẹni tó ń rà á ni. Ìwọ tí o bá dúró níwájú ẹran tí wọ́n fi kọ́ igi, wo ọrùn rẹ̀, wo ẹsẹ̀ rẹ̀, yí i padà kí o wo ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kejì. Bí o kò bá rí ojú okùn, tí o kò rí ojú ọta, tí o kò rí ojú ọ̀bẹ, bi ẹni tó ń tà á pé kí ló pa á, kí o sì dúró gbọ́ ìdáhùn kí o tó ki ọwọ́ bọ àpò.