Ìwọ̀ Kékeré, Ìparun Ńlá
Àwọn tó ń fi ìwọ̀ pẹja gbafẹ́ ní etí òkun ìlà-oòrùn Amẹ́ríkà a máa wí pé ìwọ̀ àwọn kéré, pé àwọn tó ń pẹja tà ni kí òfin mú. Àwáwí lásán! Nígbà tí ẹja striped bass fẹ́ run, ìpínlẹ̀ Maryland fòfin de pípa rẹ̀ láti 1985 sí 1990. Ẹja náà sì tún gbilẹ̀. Ní 2019, àyẹ̀wò fi hàn pé ó tún ti dín kù kọjá ààlà. Ta ló ń pa á jù? Àwọn onígbafẹ́ ni. Kódà, nínú 100 tí wọ́n mú tí wọ́n sì dá padà sómi, ìṣirò ní 9 ń kú. Díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà. Kí òfin mú ọlọ́jà, kí ó mú onígbafẹ́: bí ẹja bá tán, eré parí.