Ọmọ Tí A Kọ́ Ju Géètì Tí A Kọ́ Lọ

Ọ̀rọ̀ tí ó gba ẹnu àwa akẹ́kọ̀ọ́jáde kan ní Ìdásẹ̀n lásìkò yìí ni ohun tí a ó fi owó àjọ̀dún ṣe. Àwọn kan ní kí a kọ́ géètì ńlá, kí a kọ orúkọ àwọn tí ó dáwó sí ara rẹ̀. Àwọn mìíràn ní kí a fi owó náà ran ọmọ tí òbí rẹ̀ kò rí owó ilé-ẹ̀kọ́ san lọ́wọ́, kí a sì ra ìwé sí ilé ìkàwé. Kí a tó fẹnu kò, a bẹ̀ yín kí ẹ bá wa wo ilẹ̀ Amẹ́ríkà ní ìbẹ̀rẹ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún kọkàndínlógún. Láti 1979 ni Nàìjíríà ti gba irú ìjọba alààrẹ tí wọ́n ń ṣe níbẹ̀. Ó yẹ kí a mọ ohun tí wọ́n ṣe dáradára, kí a sì mọ ibi tí wọ́n ti kọsẹ̀.

Ní àkókò náà, Amẹ́ríkà ń yangàn pé ilẹ̀ òmìnira ni òun. Ìpínlẹ̀ kan tẹ̀ lé òmíràn láti pa òfin tí ó ní kí ènìyàn ní dúkìá kí ó tó lè dìbò rẹ́. Nínú ìdìbò ààrẹ ti 1824, àwọn tí ó dìbò kò tó 400,000. Ní 1840, wọ́n ti ju 2,000,000 lọ. Andrew Jackson, tí ó gorí oyè ní 1829, ni àwọn mẹ̀kúnnù kà sí ènìyàn tiwọn. Ṣùgbọ́n ọkùnrin aláwọ̀ funfun ni òmìnira yìí wà fún. Jackson kan náà ni ó fọwọ́ sí òfin ní 1830, èyí tí a fi lé àwọn ọmọ onílẹ̀ kúrò lórí ilẹ̀ baba wọn lọ sí òdì kejì odò Mississippi.

Òwú ni ó wà nídìí ọ̀rọ̀ náà. Láti ìgbà tí Eli Whitney ti ṣe ẹ̀rọ tí ń yọ kóró kúrò lára òwú ní 1793, oko òwú di orísun ọrọ̀, àwọn ilé iṣẹ́ ìhunṣọ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kò sì yéé béèrè fún un. Ní 1790, àwọn ẹrú ní Amẹ́ríkà tó nǹkan bí 700,000. Nígbà tí yóò fi di 1860, wọ́n ti sún mọ́ 4,000,000. Bẹ́ẹ̀, òfin ti ka kíkó ẹrú wọlé láti òkè òkun léèwọ̀ láti 1808. Ọmọ tí a bí sí oko ẹrú ni ó sọ iye náà di púpọ̀.

Ẹni tí ó bá jókòó lé ẹnìkejì rẹ̀ lórí kò lè sùn dọ́kàn. Ní 1822, ní ìlú Charleston ní South Carolina, wọ́n so Denmark Vesey kọ́, wọ́n ní ó ń gbìmọ̀ ọ̀tẹ̀ àwọn ẹrú. Káfíńtà ni, ó sì ti ra ara rẹ̀ padà. Ní 1831, Nat Turner, ẹrú tí ń wàásù, ṣáájú ọ̀tẹ̀ ní Virginia. Àwọn méjèèjì mọ̀wé. Àwọn méjèèjì ń ka Bíbélì. Kí ni àwọn aṣòfin South Carolina ṣe? Ní 1834, wọ́n ṣe òfin pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ kọ́ ẹrú ní ìwé kíkà àti ìwé kíkọ. Òyìnbó tí ó bá dán an wò yóò san owó ìtanràn, yóò sì ṣẹ̀wọ̀n. Aláwọ̀ dúdú tí ó bá dán an wò, ẹgba títí dé àádọ́ta wà fún un. Kódà, aláwọ̀ dúdú tí ó jẹ́ òmìnira kò gbọdọ̀ dá ilé-ẹ̀kọ́ sílẹ̀ fún àwọn ènìyàn rẹ̀.

Àwa tí a gba ẹ̀kọ́ àlùfáà kò gbọdọ̀ fi apá tiwa pamọ́. Àwọn oníwàásù wà níbẹ̀ tí wọ́n ń fi ẹnu lásán kọ́ ẹrú ní ẹ̀kọ́ ìgbàgbọ́, kí ó má baà fọwọ́ kan ìwé. Ní 1845, àwọn ìjọ Bàbtíìsì ti ìhà gúúsù ya kúrò lára ti àríwá, nítorí wọ́n fẹ́ kí ẹni tí ó ní ẹrú lè jẹ́ míṣọ́nnárì. Láti inú ìjọ wọ̀nyí ni míṣọ́nnárì Thomas Jefferson Bowen ti wá sí ilẹ̀ Yorùbá ní 1850.

Ọmọdé kan wà tí òfin 1834 bá láyé. James Churchwill Vaughan ni orúkọ rẹ̀; a bí i ní Camden, ní South Carolina, ní 1828. Òmìnira ni a bí i, ṣùgbọ́n ẹrú ni baba rẹ̀, Scipio, ti jẹ́. Ìtàn ìdílé wọn ní ọmọ ilẹ̀ Yorùbá ni baba náà, àti pé nígbà tí ó ń kú lọ, ó ní kí àwọn ọmọ òun padà sí ilẹ̀ baba wọn. Vaughan wọkọ̀ lọ sí Liberia, ó sì bá àwọn míṣọ́nnárì Bàbtíìsì dé ilẹ̀ wa ní 1855, ó ń ṣe iṣẹ́ káfíńtà fún wọn ní Ìjàyè. Ogun Ìjàyè lé e dé Abẹ́òkúta. Nígbà tí àwọn Ẹ̀gbá lé àwọn míṣọ́nnárì jáde ní 1867, ó kọjá sí Èkó, ó di oníṣòwò pàtàkì. Ní 1888, ó wà lára àwọn aṣáájú tí ó dá ìjọ Bàbtíìsì tiwọn sílẹ̀, kúrò lábẹ́ àkóso òyìnbó.

Ẹ wo ibi tí ọ̀rọ̀ náà já sí. Ọmọ-ọmọ rẹ̀, Kòfowórọlá, tí a wá mọ̀ sí Ìyáàfin Adémọ́lá, gba oyè ní Yunifásítì Oxford ní 1935, ó sì jẹ́ obìnrin aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ láti ilẹ̀ Áfíríkà tí ó ṣe bẹ́ẹ̀. Láti 1834 sí 1935, ọdún 101 péré ni. Ilé-ẹ̀kọ́ ni ó gbé ìdílé kan kúrò lábẹ́ ẹgba dé ibẹ̀.

Ní Ọ̀wọ̀, ó yẹ kí ọ̀rọ̀ yìí yé wa ju ẹnikẹ́ni lọ. Ọmọ wa, Olóyè Adékúnlé Ajáṣin, tí ó jẹ́ ọ̀gá àgbà ní Imade College, ni ó kọ àbá tí ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ọ̀fẹ́ ti ọdún 1955 ti jáde. Lónìí, yunifásítì wà ní Ìdásẹ̀n fúnra rẹ̀. Kò sí òfin kankan ní Ìpínlẹ̀ Oǹdó tí ó ní kí ọmọ tálákà má kàwé. Síbẹ̀, a ti fi ojú wa rí ọmọ tí a dá padà sílé lówùúrọ̀ ọjọ́ ìdánwò nítorí gbèsè, tí ó ń fẹsẹ̀ wọ́lẹ̀ lọ ní ẹ̀bá títì. A ti rí ilé ìkàwé tí àgádágodo rẹ̀ ti dípẹtà. Òfin tí a kò kọ sílẹ̀ ni ìwọ̀nyí, ẹgba wọn sì ń dunni.

Àwọn tí ó fẹ́ géètì kò ṣe búburú. Ẹwà ilé ẹni ń wuni, àlejò a sì máa fi ẹnu ọ̀nà díwọ̀n ilé. Ṣùgbọ́n àwọn baba wa ti sọ ọ́ pé ọmọ tí a kò kọ́ ni yóò gbé ilé tí a kọ́ tà. Géètì tí a kọ́ lónìí, ọmọ tí ó dúró níta rẹ̀ nítorí owó ni yóò kọ́kọ́ wú irin rẹ̀ tà.

Ìwẹ̀fà ará Etiópíà tí a kà nípa rẹ̀ nínú Ìṣe àwọn Àpọ́sítélì ń ka ìwé wòlíì Aísáyà lọ́wọ́ nígbà tí Fílípì dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ìwé ni Ìhìnrere bá lọ́wọ́ rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ pé abẹ́ òfin 1834 ni ó ń gbé, kí ni Fílípì ì bá bá níbẹ̀?

Nítorí náà, ẹ̀yin akẹgbẹ́ wa, àbá wa ni pé kí a kọ́kọ́ san gbèsè àwọn ọmọ tí kò ní olùrànlọ́wọ́, kí a ra ìwé, kí ìwé ìtàn sì wà lára wọn, kí a sì máa sanwó fún ẹni tí yóò ṣí ilé ìkàwé títí di ìrọ̀lẹ́. Bí owó bá ṣẹ́kù, a ó kun géètì àtijọ́ lọ́dà. Àwa náà gba ibẹ̀ wọlé rí, kò sì dí wa lọ́nà. Bí ó bá sì jẹ́ orúkọ wa ni a fẹ́ kí ó wà níbẹ̀, ẹ jẹ́ kí a kọ ọ́ sí ojú ewé àkọ́kọ́ ìwé tí ọmọ yóò ṣí kà.