Kí Ẹ Tó Ṣáná sí Oko Lẹ́ẹ̀rùn Yìí

Àgbẹ̀ tó bá ṣán oko ní Ìjẹ̀bú-Igbó, Àgọ́-Ìwòyè tàbí Ogun Waterside yóò sun ún. Ìgbà tó ń sun ún ni mo fẹ́ bá a sọ.

Lọ́dún 1929, àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba pín ilẹ̀ kan sí mẹ́ta nínú igbó ọba Olókèméjì, lọ́nà Abẹ́òkúta sí Ìbàdàn. Lọ́dọọdún, wọ́n ń sun apá kan ní kété tí ẹ̀ẹ̀rùn bá wọlé. Ó di nǹkan bí oṣù Kẹta kí wọ́n tó sun apá kejì. Wọn ò jẹ́ kí iná dé ẹ̀kẹta rárá. Lẹ́yìn ọdún 28 tí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, ibi tí iná ò dé ti ṣú dùdù. Igi ti pàdé lókè, koríko ti kú lábẹ́ wọn. Ibi tí wọ́n tètè ń sun ṣì ní igi dáadáa. Ti oṣù Kẹta ti di ọ̀dàn. Koríko ló gbòde, igi tó lè fara da iná nìkan ló kù.

Kò yà mí lẹ́nu. Nígbà tí ẹ̀ẹ̀rùn ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, koríko ṣì ní omi lára. Iná á máa rá nílẹ̀, á kú tó bá kan ibi tútù. Tó bá di oṣù Kejì sí Kẹta, gbogbo nǹkan ti gbẹ, igi sì ti ń rúwé. Iná ìgbà yẹn á jó ọ̀jẹ̀lẹ́ ewé àti ọmọ igi pọ̀.

Igbó tiwa ní Ìjẹ̀bú tún ṣẹlẹgẹ́ ju ti Olókèméjì lọ. Igbó kìjikìji ni, èèpo ọ̀pọ̀ igi ibẹ̀ fẹ́lẹ́. Igbó ọba Omo, tí UNESCO kà mọ́ àwọn ibi ààbò ẹ̀dá alààyè lọ́dún 1977, tí erin ṣì ń gbé, kò yẹ kí iná wọ ibẹ̀ lóṣù kankan. Ibi tí iná bá kọjá, ewé Akíntọ́lá ló ń gbà á (ẹ̀yin tí ẹ ń pè é ní Awólọ́wọ̀, ẹ má bínú). Tó bá gbẹ lọ́yẹ́, òun ni iná ọdún tó ń bọ̀ yóò jẹ.

Bí sísun bá di dandan, ẹ ṣán oko ní kété tí òjò bá dáwọ́, kí ẹ sun ún kí ọyẹ́ tó mú. Ẹ ro etí oko yípo, ẹ gbá ewé ibẹ̀ títí ilẹ̀ yóò fi hàn. Ẹ kó pàǹtí sáàárín, jìnnà sí kòkó aládùúgbò, kí ẹ sì sọ fún un ṣáájú. Ìrọ̀lẹ́ tí afẹ́fẹ́ bá rọ̀ ni kí ẹ ṣáná. Ẹ má kúrò níbẹ̀ kí èéfín tó tán. Ẹ̀yin ọdẹ tó ń fi iná lé ẹran, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jáwọ́. Bí oṣù Kẹta bá bá yín, ẹ má sun ún mọ́ lọ́dún yìí. Ẹ kó pàǹtí náà sídìí ohun ọ̀gbìn kó jẹrà.